Ọjọ́ Tí Bàbá Ṣáláńgá Purọ́

Àwọn ẹbí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa Bàbá àgbà mi, kí wọ́n lè kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn lọ́jọ́ àdúà ogójì. Èmi ni tíṣà ilé wa, èmi ni wọ́n sì gbé bírò fún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti sọ bí ó ṣe yẹ kó rí: ibi tí wọ́n bí wọn sí, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́, iye ọmọ tí wọ́n bí, kí n wá parí rẹ̀ sí pé èèyàn dáadáa ni wọ́n. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì fà á ya. Bàbá àgbà kórìíra kí wọ́n máa purọ́ nípa òkú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa wọn, ọ̀kan wà tí ojú ń tì mí láti kọ, bí n kò bá sì kọ ọ́, ìyókù kò wúlò.

Gbogbo Èjìgbò ló mọ̀ wọ́n sí Bàbá Ṣáláńgá. Iṣẹ́ bíríkìlà ni wọ́n ń ṣe, òṣèlú ni kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn iṣẹ́ náà. Láti ayé àwọn alágbádá tí ṣọ́jà gbàjọba lọ́wọ́ wọn, dé ìgbà tí ṣọ́jà ní kí a dìbò láìsí ẹgbẹ́, dé ìgbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ méjì péré sílẹ̀ tí wọ́n ní kí gbogbo wa pín ara wa sí i, kò sí ìbò kan tó kọjá tí Bàbá àgbà kò jáde sí. Wọ́n dupò kánsílọ̀, wọ́n dupò alága, wọ́n tilẹ̀ dù ú lẹ́ẹ̀kan láti lọ ṣòfin n'Ìbàdàn. Wọn kò wọlé rí. Bí rédíò bá ti dárúkọ ìbò, Ìyá àgbà tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Wọ́n ti pe ọkọ mi o."

Ìlérí kan ṣoṣo ni Bàbá ní. Wọ́n ní bí àwọn bá dé kánsù, àwọn á gbẹ́ ṣáláńgá sí inú ọjà, tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, ti obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀. Ìyá àgbà ń ta àwo nínú ọjà yẹn, bí ìgbẹ́ bá sì gbọ̀n wọ́n, ilé ni wọ́n ń rìn dé, kí wọ́n tó padà, oníbàárà ti lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù ń ṣèlérí ọ̀dà títì àti iná mọ̀nàmọ́ná, Bàbá ń ṣèlérí ibi tí èèyàn yóò ti yàgbẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń fi kọrin. Èmi náà jẹ nínú orúkọ yẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, Ọmọ Ṣáláńgá ni wọ́n sì ń pè mí láti pírámárì, bí mo bá sì sunkún délé, Bàbá á bi mí bóyá àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ kì í yàgbẹ́ ni.

Ìgbà tí wọ́n ń du ipò alága, mo bá wọn lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì, àti àpótí tí Bàbá máa ń gun orí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbẹ̀ jáde sí wa dáadáa, wọ́n gbé omi wá. Ẹnì kan nínú wọn wá sọ pé olóṣèlú tó wá lánàá ṣèlérí ọ̀nà àti iná fún àwọn, kí ni Bàbá mú wá. Bàbá ní ọ̀nà náà kò sí lọ́wọ́ kánsù, iná náà kò sí lọ́wọ́ kánsù, ẹni tó wá lánàá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣáláńgá ni agbára àwọn ká, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Wọ́n di iṣu márùn-ún fún wa, wọ́n dìbò fún ẹni àná. Nígbà tí a ń bọ̀, mo bi Bàbá léèrè ìdí tí wọn kò fi kúkú ṣèlérí iná kí wọ́n wọlé ná. Wọ́n ní, "Bí mo bá fi irọ́ débẹ̀, irọ́ ni yóò jókòó lórí àga, èmi á wà lórí ìdúró."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe rí nínú ilé. Nígbà tí àwọn ẹbí bàbá mi wá tọrọ màmá mi, tí àwọn obìnrin ilé wa ń yin ìyàwó pé ó mọ iṣẹ́, pé ó ní sùúrù, Bàbá gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n bẹ àwọn àna pé kí wọ́n má bínú, ọmọ àwọn kì í tètè jí láàárọ̀, bí wọ́n bá sì bá a wí, ó máa ń fèsì. Bàbá ọkọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn á fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Màmá mi kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí tó fi lọ sílé ọkọ. Nígbà tó wá mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọdún kan, Bàbá ní, "Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí o débẹ̀ ni wọ́n rí i, èmi ni wọn ì bá pè ní onírọ́."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn ará àdúgbò máa ń pa òwe yìí sí wọn bí wọ́n bá ń kọjá, Bàbá á sì dáhùn pé àwọn kò kúkú tí ì palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ pósítà? Àbúrò wọn tó ń ṣòwò l'Ábíjàn ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, bébà rẹ̀ dára, àwòrán Bàbá sì mọ́ kedere. Àfi pé Faransé ni àwọn atẹ̀wé Ábíjàn kọ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá kó o dà nù. Bàbá fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ po gọ́ọ̀mù, wọ́n lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri ìlú. Àwọn tó ti Ábíjàn dé ń kí wọn ní "Bọ́ńjúù, Músíé," wọ́n ń béèrè bóyá ọ̀hún ni wọ́n ti fẹ́ ṣe kánsílọ̀. Bàbá ní, "Orúkọ mi ni, ojú mi sì ni. Ojú mi kì í sọ Faransé."

Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ó dùn ún gbọ́. Kò dùn ún gbé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kì í purọ́, òun ni yóò máa fara gba ìtìjú rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo wà ní girama, ọjọ́ tí àwọn òbí ń wá wo ọmọ wọn, Bàbá dìde láàárín gbogbo òbí, wọ́n bi ọ̀gá ilé ìwé léèrè ibi tí àwọn ọmọbìnrin ń yàgbẹ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ sí mi létí, ó ní ta ni bàbá yẹn. Mo ní bíríkìlà tó ń bá wa tún ilé ṣe ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti rìn dé ẹ̀yìn mi. Wọ́n gbé gààrí àti ẹ̀pà tí wọ́n gbé wá fún mi kalẹ̀, wọ́n sì kí ọ̀rẹ́ mi dáadáa. Wọ́n ní, "Èmi ni bíríkìlà wọn. Ẹ jọ máa jẹ ẹ́."

Wọn kò purọ́ níbẹ̀ náà, bíríkìlà ni wọ́n. Kí táàmù yẹn tó parí, ilé ìwé gbẹ́ ṣáláńgá tuntun fún wa, èmi sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó.

Mo ti ń sá fún ibi tí mo ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀, ìjọba ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa yan ẹni tí yóò díje fún wọn ní gbangba. Ẹni tó ń dupò á dúró síwájú, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìbò á sì máa fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa kà. Kò sí bébà, kò sí àpótí, kò sí ibi tí èèyàn yóò sá pamọ́ sí. Àna ń rí ibi tí àna tò sí, ìyàwó ń rí ibi tí ọkọ rẹ̀ dúró. Inú Bàbá dùn sí i gan-an. Wọ́n ní ìbò tí ojú ń rí nìyí, kò ní sí òjóró níbẹ̀.

Àwọn méjì ló ń du tíkẹ́ẹ̀tì kánsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Bàbá àgbà ni ọ̀kan. Èkejì ni Alhaji Oníbúrẹ́dì, tó kó owó ti Ábíjàn bọ̀, tó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Múnírátù ọmọ Alhaji ni ọ̀rẹ́ mi. Àwa méjèèjì jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ilé wọn ni mo ti ń wo tẹlifíṣàn. Mo ti lé lógún ọdún nígbà náà, ẹ má ṣe rò pé ọmọdé ni mí.

Bàbá kì í bẹ ará ilé wọn níbò. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, níbi tí mo ti ń bu omi ìṣanwọ́ fún wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yìn yín ni màá tò sí lọ́la." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn gbọ́.

Nígbà tí mo dé pápá ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, ìlà Alhaji ti wọ́ láti abẹ́ igi máńgòrò dé ara ògiri. Ọkọ̀ búrẹ́dì dúró síbẹ̀, wọ́n ń pín in. Inú òòrùn ni Bàbá wà ní òdìkejì, èèyàn mọ́kànlá sì wà lẹ́yìn wọn. Mo kà wọ́n. Ìyá àgbà ló ṣáájú. Bàbá Àjàní ló tẹ̀ lé wọn, ọmọ ìlú Masifa tó ń gbé ilé kẹta sí tiwa. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, àwa jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn àti Bàbá kì í jọ kírun, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń jẹun láti ìgbà tí wọ́n ti jọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Nínú gbogbo ìbò tí Bàbá dù, kò sí èyí tí Bàbá Àjàní kò bá wọn rìn.

Àwọn tí a jọ jáde girama wà lórí ìlà Alhaji. Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó ní, "Ọmọ Ṣáláńgá ti dé." Kò tilẹ̀ pariwo sọ ọ́. Múnírátù na ọwọ́ sí mi láti abẹ́ igi, ó ní kí n máa bọ̀, òòrùn á pa mí. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ kí i ni. Ó fi ìlàjì búrẹ́dì sí mi lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ìbò fọn fèrè, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ìlà mọ́ láti ìsinsìnyí, ẹni tó bá fẹ́ jáde lè jáde. Mo ti fi fèrè yẹn ṣe àwáwí fún ọdún púpọ̀. Irọ́ ni. Mo rí i tí ọkùnrin náà gbé fèrè sẹ́nu, mo lè sáré, mi ò sá.

Ọmọ ẹ̀yìn Alhaji kan tó gbé gbohùngbohùn dání ló rí mi. Ó ní, "Bàbá Ṣáláńgá, ọmọ-ọmọ yín rèé lọ́dọ̀ wa o, ó ń jẹ búrẹ́dì." Gbogbo pápá kọjú sí mi. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, obìnrin kan láti ìlà Bàbá ní ọmọ burúkú ni mí, òmíràn ní mo ti ta ilé wa nítorí búrẹ́dì. Mi ò mọ ibi tí màá gbé búrẹ́dì náà sí. Bàbá yíjú padà, wọ́n wò mí. Wọ́n wá gbóhùn sókè.

"Ẹ má bú u. Èmi ni mo ní kó lọ síbẹ̀."

Bàbá Àjàní ni mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní, "O ní kí ló ṣe?"

"Èmi ni mo rán an. Mo ní kí ẹnì kan nínú ilé wa wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí ọ̀la."

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá àgbà mi, tí kì í purọ́ nítorí àna, tí kì í purọ́ nítorí ìbò, ṣe purọ́ lójú gbogbo wọ́ọ̀dù. Wọ́n sì mọ̀ ọ́n pa. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn ló ń gbà á gbọ́.

Bàbá Àjàní jáde lórí ìlà, wọ́n wá dúró níwájú Bàbá. Wọ́n fi oríkì pe Bàbá, wọ́n ní, "Àkànní, ìwọ náà." Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n ń lọ sílé. Àwọn tó kù ń tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìbò débẹ̀, Ìyá àgbà ló kù, àti ìyá arúgbó kan tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fọwọ́ kan orí wọn, ó ní méjì.

Bàbá ń ṣàlùwàlá ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo kúnlẹ̀ tì wọ́n lẹ́yìnkùlé. Mo wá ní màá lọ bá Bàbá Àjàní, màá sọ òótọ́ fún wọn. Bàbá da omi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n da omi sí ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n ní, "Ojú táwọn èèyàn yẹn fi ń wò mí ti mọ́ mi lára. Kò tí ì mọ́ ìwọ lára." Wọ́n ní kí n dìde lọ jẹun.

Wọn kò ní kí n lọ, wọn kò sì ní kí n má lọ. Èmi ni mi ò lọ. Ilé kẹta ni o. Mo sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀, mo parí ẹ̀kọ́, mo rí iṣẹ́ tíṣà, mo lọ sílé ọkọ. Ìròyìn kan jáde pé Alhaji ti ṣèlérí iṣẹ́ kọ́ngílá fún Bàbá, wọ́n ní òun ló sọ wọ́n di olójú méjì. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ní ìdí ẹ̀rọ omi, mo gbé garawa mi, mo kúrò níbẹ̀. Ìbò mìíràn dé lẹ́yìn náà, rédíò sọ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá àgbà gbójú sókè, wọn kò sọ nǹkan kan. Bàbá kò jáde mọ́. Àwọn àti Bàbá Àjàní ń kí ara wọn ní "ẹ kú ọ̀nà" bí àlejò, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a ṣe fídáù wọn, àwọn ààfáà ti ka Kùránì tán, wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́. Bàbá Àjàní dìde. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí. Wọ́n ní kò sí olóòótọ́ bíi Àkànní ní gbogbo Èjìgbò, ọ̀ràn kan ṣoṣo ni àwọn ní sí i, gbogbo èèyàn sì mọ̀ ọ́n, ti ọjọ́ ìbò. Wọ́n ní àwọn bá a yan odì nítorí rẹ̀ títí ó fi kú, ó sì ń dun àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ti yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Wọ́n yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí, wọ́n ní kí èmi tí wọ́n rán ní iṣẹ́ yẹn náà má gbé e sọ́kàn, ọmọ kì í kọ iṣẹ́ àgbà.

Ìgbà náà ni ó yẹ kí n dìde. Mo jókòó síbẹ̀. Ìyá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní, wọ́n sì mọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Bàbá Àjàní gbé ọwọ́ wọn méjèèjì sókè. Wọ́n ní, "Kí Ọlọ́run dárí irọ́ ọjọ́ yẹn jì í."

Gbogbo ilé ní àmín. Ìyá àgbà kò wí i. Èmi wí i.